Ìbéèrè Yín Lórí Ìlera: Nígbà tí Yunifásítì Bá Ń Wá Ẹni tí Yóò Yọ̀ǹda Ara Rẹ̀ fún Ìwádìí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 20, wà ní yunifásítì ní Abomey-Calavi. Ó pè mí pé wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri níbẹ̀ pé wọ́n ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le fún ìwádìí lórí ibà, àti pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn. Àwọn ará àdúgbò ní títà ni wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ náà. Láti ìgbà náà, oorun kò kun ojú mi. Ṣé kí n kọ̀ fún un ni? – Ìyá kan, Kétu

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ̀rù tó ń bà yín kò ṣàìnídìí. Ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, láti 1932 títí di 1972, àwọn oníṣègùn ìjọba ń ṣọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí àrùn syphilis, èyí tí ìbálòpọ̀ máa ń kó ranni, wà lára wọn, wọn kò sọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún wọn, nígbà tí pẹnisilíìnì tó lè wò wọ́n sàn sì ti wà káàkiri, wọn kò fún wọn. Ní 1964 ni àwọn oníṣègùn àgbáyé ti fẹnu kò ní Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, lórí ìlànà tí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe ìwádìí lára ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, síbẹ̀ ọdún 8 kọjá lẹ́yìn rẹ̀ kí ti Alabama tó dópin. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìlànà nìkan kò tó, àfi kí ẹni tó fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó béèrè.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ yín yóò béèrè ni ìwé àṣẹ. Nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa, òfin kan tó jáde ní 2010 ló ń darí ìwádìí ìlera, ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní CNERS ló sì ń yẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Olùwádìí tó ń ṣòótọ́ kò ní bínú bí wọ́n bá ní kó mú ìwé àṣẹ rẹ̀ wá. Bí ó bá ń kùn, kí ọmọ yín máa bá tirẹ̀ lọ.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń gbà fún àyẹ̀wò kò ju ṣíbí ìpotíì kan tàbí méjì lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan bíi lítà 5 ló wà lára àgbàlagbà. Ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ fún aláìsàn ń fúnni ní nǹkan bíi mílílítà 450 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Èmi náà ti yọ̀ǹda ara mi fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. Nọ́ọ̀sì so rọ́bà mọ́ mi lápá, ó fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó ní ìdérí aláwọ̀ àlùkò, ó ní kí n fi òwú tẹ ojú abẹ́rẹ́ náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Nọ́ńbà ló kọ sára ìgò náà, kò kọ orúkọ mi, mo sì rí i tó ti ìwé tó so nọ́ńbà pọ̀ mọ́ orúkọ wa mọ́ inú àpótí. Kí ọmọ yín béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù yóò wà àti iye ọdún tí yóò fi wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ fún ìwádìí mìíràn, ó yẹ kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìyẹn lọ́tọ̀, ó sì lè kọ̀ ọ́.

Ohun kan wà tó ń kọ mí lóminú ju ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ lọ: ṣé olùkọ́ tó ń fún un ní máàkì kọ́ ló ń ṣe ìwádìí náà? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ̀rù olùkọ́ rẹ̀ kò lè sọ pé rárá tọkàntọkàn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó ní kí ẹlòmíràn bá òun sọ̀rọ̀, kí ó sì rí i nínú ìwé pé kíkọ̀ rẹ̀ kò ní kan èsì ìdánwò rẹ̀. Kí ó sì má fi àgbo tó bá ń mu pamọ́ fún wọn, nítorí àgbo àti oògùn lè jà nínú ara.

Ìyá wa, ọmọ yín ti kúrò lọ́mọdé, òun ni yóò sì fọwọ́ sí ìwé fúnra rẹ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ má kọ̀ fún un. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ wa nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù kẹrin 2024, àwọn ọmọ bíi 15,000 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 7, Gánà àti Kẹ́ńyà wà lára wọn, ni òbí wọn ti kọ́kọ́ yọ̀ǹda fún ìdánwò rẹ̀. A kò sí lára àwọn 7 náà. Ọmọ ọlọ́mọ ló gba abẹ́rẹ́ kí tiwa tó rí i gbà.

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 63 ni mí, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí n wọ inú ìwádìí oògùn tuntun kan, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni ìwé wọn, n kò sì lè kà á. Ṣé kí ọmọ mi bá mi fọwọ́ sí i? – Baba kan, Àjàṣẹ́

Ìdáhùn: Rárá, Bàbá. Níwọ̀n ìgbà tí làákàyè yín bá ti pé, ẹ̀yin nìkan lẹ lè fọwọ́ sí i, ìka yín sì tó fún ìyẹn. Ohun tí ọmọ yín lè ṣe ni kó jókòó tì yín gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, kí wọ́n ka ìwé náà fún yín ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín tún un sọ fún wọn bó ṣe yé yín. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ sílé, ẹ sùn lé e lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ìwádìí yàtọ̀ sí ìtọ́jú. Ó lè jẹ́ pé bí ẹni ṣẹ́ kèké ni wọn yóò ṣe pín in, kí ẹnì kan gba oògùn tuntun, kí ẹlòmíràn gba èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí dókítà pàápàá má mọ èyí tó kàn yín. Ẹ béèrè bóyá ẹ óò máa lo oògùn yín àtijọ́ nìṣó, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín. Ọjọ́ tó bá sú yín, ẹ lè jáde, wọn kò sì gbọdọ̀ torí rẹ̀ fa ọwọ́ ìtọ́jú wọn sẹ́yìn.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n máa ń sanwó fún ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀? – Ọ̀dọ́kùnrin kan, Ṣábẹ̀ẹ́

Ìdáhùn: Wọ́n sábà máa ń dá owó ọkọ̀ padà, wọ́n sì lè fi díẹ̀ lé e nítorí àkókò rẹ. Bí owó náà bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí o kò fi bìkítà mọ́ láti ka ohun tó lè ṣe ọ́ nínú ìwé náà, fura. Ẹni tó bá sì ní kí ìwọ san owó fọ́ọ̀mù kí o tó wọlé, gbájúẹ̀ ni.