Ẹ̀pà àti fítámì D: èsì fún ìyá tó béèrè láti Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Ẹ ní ètè ọmọ yín máa ń wú tó bá jẹ ẹ̀pà, aládùúgbò yín sì ní kí ẹ ra fítámì D fún un.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Oòrùn ló ń jẹ́ kí awọ ara wa ṣe fítámì yìí. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín á wá sọ ọ́ di èyí tí ara lè lò. Ó ń ran àwọn ọmọ ogun ara lọ́wọ́ láti pa kòkòrò àrùn, ó sì tún ń kó wọn níjàánu kí wọ́n má baà gbéjà ko oúnjẹ lásán. Irú ìgbéjàkò bẹ́ẹ̀ là ń pè ní aléjì, ó sì lè mú kí ètè wú. Ní Melbourne, ní Ọsirélíà, ìwádìí kan tó jáde ní 2013 fi hàn pé láàárín àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí òbí wọn sí Ọsirélíà, àwọn tí fítámì D kò tó lára wọn ni aléjì ẹ̀pà tàbí ẹyin wọ́pọ̀ sí jù. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí fítámì D wo aléjì tó ti wà nílẹ̀ sàn. Àpọ̀jù rẹ̀ gan-an lè ba kíndìnrín ọmọ jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un lẹ́pà mọ́, títí kan kúlíkúlí, kí dókítà àwọn ọmọdé tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ lè gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Adó. Bí èémí bá ń há a, tàbí tó ń bì léraléra lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má fi àgbo dán an wò rárá, ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín jù ni kí ẹ sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.