Ẹ má ta ilẹ̀ Kétu nítorí hockey

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ní Benin ni mo ti ń kọ èyí, a wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ bàbá ọkọ mi. Montreal là ń gbé. Kọ́lá, ọmọ wa ọkùnrin, ti pé ọmọ ọdún 10, ó sì ti ń gbá hockey orí omi dídì fún ọdún mẹ́ta. Kóòṣì rẹ̀ pè wá, ó ní ẹ̀bùn wà lára ọmọ náà, kí a fi í sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí wọ́n ti ń kọ́ hockey láàárọ̀, tí wọ́n ń kàwé lọ́sàn-án. Owó ibẹ̀ ju apá wa lọ. Ni ọkọ mi bá ní òun á ta ilẹ̀ tí bàbá òun pín fún òun níbí. Bàbá gbọ́, wọ́n ní: “Ṣé wọ́n máa ń sanwó fún èèyàn kó máa yọ̀ lórí omi dídì ni?” N kò rí èsì fọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé eré yìí lè di iṣẹ́ fún ọmọ wa? Ṣé ó tiẹ̀ lọ́jọ́ iwájú?

Ìyá Kọ́lá

Èsì

Ìyá Kọ́lá, ẹ kú ilé o. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ ní ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kan tó ń gbé Montreal ló ń kí wọn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ sọ: ẹ bẹ ọkọ yín kó má tà á.

Ìbéèrè Bàbá dáa gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń sanwó fún un, owó ńlá sì ni. Nínú NHL, líìgì hockey tó ga jù ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, owó tó kéré jù tí eléré lè gbà ní sáà 2025-26 jẹ́ 775,000 dọ́là Amẹ́ríkà. Àdéhùn tuntun tí wọ́n ṣe ní 2025 sọ ọ́ di 850,000 fún sáà tó tẹ̀ lé e. Tẹlifíṣọ̀n ló ń gbé owó náà sókè: ilé iṣẹ́ Rogers nìkan gbà láti san bílíọ̀nù 11 dọ́là Kánádà fún ọdún 12 kí wọ́n lè máa fi eré náà hàn ní Kánádà. Ẹni tó bá ní hockey ń kú lọ kò tíì wo ìwé owó. Montreal yìí ni wọ́n ti dá líìgì náà sílẹ̀ ní 1917. Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú rẹ̀ báyìí, ó sì ń ṣí lọ sáwọn ibi tí oòrùn ti ń mú bí ti Kétu: ẹgbẹ́ Vegas gba ife Stanley, ife NHL, ní 2023, Florida gbà á ní 2024, wọ́n tún gbà á ní 2025. Ẹgbẹ́ Montreal tiwa, 1993 ló gbà á kẹ́yìn, ẹgbẹ́ Kánádà kankan kò sì tún fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà títí di 2025. (Ẹ má dárúkọ 1993 létí awakọ̀ takisí o, ẹ ò ní tètè délé.)

Iye èèyàn tó ń jẹ oúnjẹ náà ló kéré. Ẹgbẹ́ 32, eléré 23 nínú ìwé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: 736 ni gbogbo wọn. Èrò ọjọ́ ọjà Kétu kan ju ìyẹn lọ. Ọmọ 224 ni àwọn ẹgbẹ́ NHL ń yàn lọ́dún láti fi kún eléré wọn, láti Kánádà, Amẹ́ríkà, Sweden, Finland, Rọ́ṣíà àti ibi gbogbo. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yàn náà ni ẹsẹ̀ wọn kò ní tẹ omi dídì NHL láé.

Kóòṣì tiwa náà sọ ọ́. Ràfíù, ọmọ mi, ń lọ sí ọmọ ọdún 11 nígbà náà. A sanwó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a tún sanwó kóòṣì ọjọ́ Àìkú, bàbá rẹ̀ fi iṣẹ́ alẹ́ kún tọ̀sán. Aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ ni mo máa ń bá a so okùn bàtà onírin yẹn nínú àrénà, ìka mi á ti kú pátápátá. Nígbà tó di ọmọ ọdún 14, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n mú mọ́ ògiri. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún fi ìka kà á láti ìsàlẹ̀ padà sókè. Kò sọ nǹkan kan títí a fi wọ mọ́tò. Àpò ẹrù rẹ̀ ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ gbàgbé. Ó wá ní: “Màmá, ẹ má bínú nítorí owó yẹn.”

Kì í ṣe pé wọn kò mú un ló pa mí lẹ́kún. Gbèsè tí àwa jẹ, ọmọ ń tọrọ àforíjì lórí rẹ̀. Bí ọkọ yín bá ta ilẹ̀ yẹn, Kọ́lá á máa gbé e pọ̀n wọ orí omi dídì lójoojúmọ́, bí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ sọ ọ́ sí i létí.

Lọ́dún yẹn náà la gbé e lọ sí Àjàṣẹ́. Ó fi bàtà kan pamọ́ sínú àpótí láìsọ fún mi. Ìyá mi fi àtàǹpàkò tọ́ irin abẹ́ rẹ̀ wò bí ẹni tó fẹ́ ra ọ̀bẹ lọ́jà Ouando, wọ́n ní, “Èyí á rẹ́ ẹ̀fọ́ o.” Lọ́sàn-án, òun àtàwọn ọmọ àgbàlá mú igi imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n tẹ ìdérí agolo kan pẹlẹbẹ, wọ́n ń gbá a lórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ẹ̀rín tó ń rín lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ ní Montreal fún ọdún méjì.

Ẹ má rò pé mo ní eré náà kì í ṣe tiwa. Ẹ bi Bàbá léèrè ohun tí Iginla túmọ̀ sí. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá Jarome Iginla, Igi-ńlá ni orúkọ náà, Adékúnlé sì wà lára àwọn orúkọ Jarome fúnra rẹ̀. Góòlù 625 ló gbá wọlé nínú NHL, ó gba wúrà Olympics ní 2002 àti 2010. Ẹgbẹ́ Utah sì yan ọmọ rẹ̀, Tij, ṣe ẹni kẹfà nínú àwọn ọmọ tí NHL yàn ní 2024. Jarome ń gbá baseball pẹ̀lú nígbà èwe. Kò sẹ́ni tó tì í mọ́ nǹkan kan ṣoṣo ní ọmọ ọdún 10.

Ẹ ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀. Láti ìgbà tí Willie O'Ree ti di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú NHL ní 1958, èébú kò tíì tán nínú eré yìí. Ràfíù gbọ́ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jókòó níbi tí ọmọ ti lè rí yín.

Nípa ilé ẹ̀kọ́ aládàáni yẹn: tẹ́lẹ̀, ọmọ tó bá gbá fún líìgì júníọ̀ ńlá Kánádà, ti àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n ń pè ní CHL, àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà kì í gbà á sí ẹgbẹ́ wọn mọ́. Ìyẹn ló ń mú àwọn òbí sáré. Láti oṣù Kẹjọ 2025, òfin náà ti yí padà: ọmọ lè gba ọ̀nà júníọ̀, kó tún gba yunifásítì. Kí ló wá ń lé Kọ́lá ní ọdún 10? Ẹ fi í sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àdúgbò. Hockey Canada, àjọ tó ń bójú tó eré náà ní Kánádà, kò gba kí wọ́n máa fi ara kọlu ara wọn kí wọ́n tó kọjá ìpele àwọn tí kò tó ọdún 13. Tó bá dé ìpele yẹn, ẹ ó mọ̀ bóyá ó ṣì ń jí fúnra rẹ̀ láàárọ̀. Bí ẹ bá ní ọmọbìnrin, ẹ mú un dání. Líìgì àwọn obìnrin, PWHL, bẹ̀rẹ̀ ní 2024, lọ́dún yẹn náà sì ni èrò 21,105 wá wo Montreal àti Toronto ní Bell Centre, àrénà ńlá Montreal.

Ràfíù ti pé 17 báyìí. Òun ló ń ṣe rẹfirí fún àwọn ọmọ kéékèèké lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì ń sanwó fún un. Ẹ lè fi ìyẹn dá Bàbá lóhùn. Bàtà rẹ̀ ìgbà ọmọ ọdún 10 àti 11 ṣì wà nílé wa, irin wọn ṣì mú. Bí ẹ bá ti dé Montreal, ẹ wá gbé wọn kí ẹ tó lọ ra tuntun.

Ìyá Ràfíù