Tísà Ní Kí N Máa Tẹ Transpose

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí ní Surulere, ọmọ ọdún 46. Ọmọ mi ra kíbọ́ọ̀dù oní-key 61 fún mi, bùrọ̀dá kan sì ń wá kọ́ mi ní Sátidé. Oṣù mẹ́rin rèé, orí C nìkan ni mo ti mọ orin tẹ̀, tí orin bá ti ga, bùrọ̀dá á ní kí n tẹ transpose, bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn kíbọ́ọ̀dù sókè tàbí sísàlẹ̀. Wọ́n wá ní kí n jókòó sídìí piano onígi ní ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀rẹ́ mi kan, mo wá transpose títí, ojú tì mí gan-an. Ṣé ọwọ́ mi ló ti gan ni? (Ìyá Ìbejì)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe yín ni mò ń fi ṣẹ̀sín, èmi náà ti wá bọ́tìnnì yẹn rí níbi tí kò sí. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì tó tún ń fọwọ́ méjèèjì darí aṣọ, ta ló ní ọwọ́ ẹ̀ gan?

Transpose ò burú, tí adarí orin bá kàn ṣàdédé gbé orin ó máa ń kó èèyàn yọ. Àmọ́ C lẹ̀ ń tẹ̀, ẹ̀rọ ló ń sọ ọ́ di D, ìka yín ò kọ́ nǹkan kan ńbẹ̀. Piano onígi ò ní irú ẹ̀, òòlù kékeré ló ń lu okùn irin nínú ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀ náà ló máa dún.

Ẹ fi dò rè mì tẹ́ ẹ mọ̀ nínú kúáyà bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo key dúdú, wọ́n tò wọ́n ní méjì, wọ́n tò wọ́n ní mẹ́ta, funfun tó wà lápá òsì àwọn méjì yẹn ni C. Tí dò bá wà níbẹ̀, funfun lásán lẹ ó tẹ̀ lọ. Ẹ gbé dò sórí G, ìyẹn funfun karùn-ún tẹ́ ẹ bá ka C ní àkọ́kọ́, tì nìkan ló máa bọ́ sórí dúdú. Ẹ gbé e sórí F, ìyẹn funfun kẹrin, fà nìkan ló máa bọ́ sórí dúdú. Ó parí!

Ìka ló kù. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ní C àti G, ẹ tẹ dò, rè, mì, kí àtàǹpàkò wá gba abẹ́ ìka àárín kọjá lọ tẹ fà. F yàtọ̀ o, ẹ jẹ́ kí ìka kẹrin (ẹ ka àtàǹpàkò ní àkọ́kọ́) tẹ fà tó wà lórí dúdú yẹn ná kí àtàǹpàkò tó kọjá, torí ó kúrú jù láti máa nà mọ́ dúdú. Ẹ má gbé ìgúnwọ́ sókè bí adìyẹ tó fẹ́ fò o, ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń ṣe é. Tí wọ́n bá múná lọ, ẹ máa fìka ṣe é lórí tábìlì tẹ́ ẹ fi ń géṣọ. Kẹ́ ẹ sì fi sẹ́lótéèpù bo transpose yẹn pa kí bùrọ̀dá tó dé lọ́jọ́ Sátidé.

Ìbéèrè: Wọ́n fẹ́ ta piano onígi àtijọ́ kan fún mi ní Marina, owó ẹ̀ ò wọ́n rárá. Ṣé kí n rà á? (Akẹ́kọ̀ọ́, Yaba)

Ìdáhùn: Àbúrò, owó tí ò wọ́n yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀rinrin Èkó máa ń jẹ́ kí okùn irin dógùn-ún, igi ẹ̀ á sì máa wú. Ṣí i, tan tọ́ọ̀ṣì sí i, wò ó bóyá ikán ti wà lẹ́yìn ẹ̀, kó o tẹ gbogbo key ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o wo èyí tó lẹ̀ mọ́lẹ̀. Mú ẹni tó ń tún piano ṣe dání, tí èèkàn tó di okùn mú bá ti rọ̀, kò ní gba túùnù dúró. Tó bá sì jẹ́ pé òkè kẹta lò ń gbé, gbàgbé ẹ̀.