Ẹ má tíì ra RAM, ẹ wo ìdí fáànù yẹn ná

Ẹ ní tí ẹ bá ń gba ohùn orin sórí laptop, tí tíráàkì (ìlà ohùn kọ̀ọ̀kan tí ẹ gbà) bá ti tó méjìlá, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ta páú-páú bíi gúgúrú, ẹnì kan sì ti ní RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí) ni kẹ́ ẹ lọ rà. Bí wọ́n ṣe sọ fún èmi náà ní Kubwa níbí nìyẹn. Mo ra 8GB kún 8GB tó wà níbẹ̀. Páú-páú náà ni. Àfi tí ẹ bá ń lo àwọn dùùrù orí kọ̀ǹpútà tó ń kó sáńpù (ohùn dùùrù tí wọ́n ti gbà sílẹ̀) rẹpẹtẹ ni RAM fi lè jẹ́ ọ̀ràn.

Ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń ta, àbí ó máa ń pẹ́ díẹ̀? Tèmi, onígángan á kọ́kọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ẹ̀ á mọ́ gaara. Ìgbà tí ọwọ́ ẹ̀ bá wá gbóná tán ni wàhálà máa ń dé. Lọ́jọ́ kan mo ṣí Task Manager (ibi tí Windows ti ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn) sílẹ̀ bá a ṣe ń gba ohùn lọ. Eré CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó wà lórí 2.9 GHz já wálẹ̀ sí 0.8 lójú mi kòrókòró. Ooru ni! Ẹ̀rọ ló ń dín eré ara ẹ̀ kù kó má baà jó. Mo tú ìdí ẹ̀: eruku ọyẹ́ ti dì mọ́ ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde, ó ki bí aṣọ òfì, ṣe ni mo ká a kúrò bí ẹní. Oṣù kẹta sì nìyẹn o, ẹ mọ bí Abuja ṣe ń rí nígbà náà. (Tí ẹ bá ń fẹ́ eruku ẹ̀ dànù, ẹ fi ìka di fáànù mú kó má yí.)

Iná náà ńkọ́? Tí NEPA bá ti mú un, tí laptop bọ́ sórí bátìrì, ó lè dín agbára kù fúnra ẹ̀. Orí inverter nìkan ni mo ti ń gba ohùn báyìí.

Díìsìkì tí ẹ ń kó ohùn sí kọ́ ló fà á o. Tíráàkì kan ní 24-bit, 48,000 Hz, 144KB ló ń gbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan; méjìlá ò tó 2MB, ìyẹn ò sì pọ̀ jù fún díìsìkì.

Buffer (ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí): 128 ni mo fi ń gba ohùn, 1024 ni mo fi ń ṣe mixing (pípa gbogbo ohùn pọ̀). Mo gbàgbé ẹ̀ sórí 1024 nígbà kan, ohùn wá ń fi ohun tó lé ní 20 milisẹ́kọ́ǹdù pẹ́ kó tó dé etí. Onígángan yọ hẹ́ẹ̀dìfóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń sín mi jẹ nínú nǹkan yìí?"

Tí ẹ bá ti gbọn eruku tí kò gbọ́, ẹ pa Wi-Fi, kí ẹ fi LatencyMon (ètò orí Windows tó ń fi ohun tó ń dí ohùn lọ́wọ́ hàn) wò ó. Dríbà Wi-Fi tèmi (ètò tó ń darí Wi-Fi) wà lára àwọn tó ń dí ohùn lọ́wọ́.