Púlọ́ọ̀gì fún Ìjàpá àtijọ́: ẹ wo gígùn eyín rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀gbọ́n wa ní Àgbádárìgì, mo kí yín o. Ẹ béèrè bóyá púlọ́ọ̀gì (ohun tí ń tanná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì) olówó ńlá ti iridium, irin líle kan, ni kí ẹ rà fún Volkswagen Ìjàpá yín ti ọdún 1976, tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tò jọ ní Òjó, lójú ọ̀nà yín níbẹ̀. Kí ẹ tó náwó, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nítorí púlọ́ọ̀gì ní Ẹ̀pẹ́ níbí.

Ọ̀gá mẹkáníìkì kan, irú èyí tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ oníbàárà tán kí ó tó dáhùn, ni ó ra púlọ́ọ̀gì tí wọ́n kọ BP5ES sí lára wá dípò B5HS, ó ní ilé iṣẹ́ NGK kan náà ni ó ṣe gbogbo wọn. Wọn kì í ṣe ìkan náà rárá. Lẹ́tà H ń sọ fún wa pé eyín púlọ́ọ̀gì náà, ìyẹn ibi tí a fi ń yí i wọ orí ẹ́ńjìnnì, gùn ní mìlímítà 12.7, èyí tí orí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá gbà, ṣùgbọ́n mìlímítà 19 ni ti E. Ohun tí ó lé yọ wọ ibi tí epo ti ń jó. Nígbà tí a tú ti sìlíńdà kẹta, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀ síwájú lẹ́nu rẹ̀ ti lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ àárín, nítorí písítìn ti ń gbá a. Èyí tí ó burú jù ni pé èédú ti dì mọ́ eyín tí ó yọ sínú náà, bí ọ̀gá sì ti ń fi tipátipá yí i jáde, èédú ń ha eyín orí ẹ́ńjìnnì, tí irin rẹ̀ kò le rárá, títí tí àwọn ẹ̀rún irin funfun fi ń bọ́ sí wa lọ́wọ́. A sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, a tú orí rẹ̀, a gbé e lọ sí Ìkòròdú kí wọ́n lè fi búṣì, òrùka irin tí ó ní eyín tuntun, sí i, èmi ni mo sì san gbogbo owó náà. Ọ̀gá ní ọkọ̀ ni ó ti gbó!

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà pẹ̀lú. Ní ti NGK, bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni púlọ́ọ̀gì ṣe tutù tó (ìyẹn ni pé ó ń tètè lé ooru kúrò lẹ́nu rẹ̀), ṣùgbọ́n òdìkejì ni ti Bosch, ilé iṣẹ́ mìíràn, ìdí nìyẹn tí W8AC ti Bosch fi bá B5HS mu, tí ẹni tí ó bá sì ta 5 ti Bosch fún yín dípò 5 ti NGK fi ń tan yín jẹ. Èyí tí ó bá gbóná jù lè mú kí epo gbiná ṣáájú àkókò rẹ̀, kí ó sì dá písítìn lu, èyí tí ó bá sì tutù jù yóò máa kó èédú. Ayédèrú náà pọ̀ lọ́jà: bí àkọlé ara tánganran rẹ̀ bá ń pa rẹ́ nígbà tí ẹ fi àtàǹpàkò nù ún, ẹ dá a padà fún wọn.

Ti fífi í sí kò le: kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí àlàfo ẹnu rẹ̀ wà láàárín mìlímítà 0.6 sí 0.7, kí ẹ sì fi ọwọ́ lásán yí i wọlé kí sípánà tó kàn án.

Ní ti iridium tí ẹ béèrè, ó máa ń pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ó ṣì ń lo kọ́ńtáàtì (irin kékeré àtijọ́ tí ń ṣí, tí ń pa dé láti fi iná ránṣẹ́ sí púlọ́ọ̀gì) kò ní jàǹfààní tí ó tó owó rẹ̀, bí òróró bá sì ń jò wọ sìlíńdà, yóò bà á jẹ́ bí ó ti ń ba ti pọ́ọ́kú jẹ́. Ẹ ra B5HS mẹ́rin, kí ẹ sì to tuntun ti ògbólógbòó kí ẹ wo gígùn wọn kí mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan ọkọ̀ náà.