Oòrùn Ọjà Balógun: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ọjà Ìsàlẹ̀ Èkó pọ̀, pàápàá láti ọwọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti ìlú mìíràn wá ra aṣọ. A mú mẹ́rin nínú wọn.

Ìbéèrè: Láti London ni mo ti ń bọ̀ wá ṣe ìgbéyàwó àbúrò mi. Ọjọ́ kan péré ni mo ní fún ọjà Balógun. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Òǹkàwé kan, Peckham)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìnáwó o. Ẹ jẹ́ kí aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ bá yín ní Broad Street, kí ẹ sì ti máa palẹ̀ mọ́ kí aago kan ọ̀sán tó lù. Láàárín aago méjìlá sí mẹ́ta ni oòrùn ń mú jù, ìgbà yẹn náà sì ni èrò ń kún ojú pópó. Ẹni tó ti rẹ̀ kì í lè ná ọjà mọ́, iye tí wọ́n bá pè ló máa san kó ṣáà lè wá ibi jókòó. Owó tí oòrùn ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà lè ju èyí tí olè ń yọ lápò lọ.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú dára ju Sátidé lọ. Ẹ má sì gbọ́kàn lé ọ̀kadà: láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ti fòfin dè é ní Lagos Island. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line láti Mile 2 dé Marina ló dára jù fún ẹni tó wà lápá ibẹ̀. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, ẹ ti fi owó sí i sílẹ̀.

Ọjà yìí kì í ṣe ọjà kan ṣoṣo. Òpópónà Balógun àti Martins ni ti léèsì àti àǹkárá. Apá Mandilas ni bàtà àti okrika. Òkè-Àrin ni ti ohun jíjẹ inú páálí àti agolo. Aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, nítorí òun ló nílò ojú tó mọ́lẹ̀ àti ọpọlọ tí kò tíì rẹ̀. Ohun tó wúwo ni kẹ́yìn.

Ohun kan tún wà: tí ẹ bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ná ohun tí ẹ kò ní rà. Ẹ̀yin ni àkọ́tà. Ọlọ́jà á dín owó kó lè tà á fún yín, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ná an tán tí ẹ jáde, inú rẹ̀ ò ní dùn rárá.

Ìbéèrè: Ìyá mi, ẹni ọdún 68, ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ní àwọn gbọ́dọ̀ bá mi lọ yan aṣọ. Ṣé kò léwu? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Wọ́n lè lọ, tí ẹ bá múra sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ Èkó kún fún ọ̀rinrin, òógùn kì í tètè gbẹ lára, bẹ́ẹ̀ gbígbẹ òógùn ló ń mú ara tutù. Tí ẹ bá tún wọ inú pláàsà tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ ń tú ooru sẹ́nu ọ̀nà, ara á kàn máa gbóná sí i ni. Oṣù kejì àti ìkẹta ọdún ló le jù.

Ọ̀pọ̀ ìyá kì í mu omi lọ́jà nítorí wọn ò mọ ibi tí wọ́n á ti tọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání fún ilé ìtọ̀ alásanwó, kí ẹ sì béèrè ibi tó wà kí wọ́n tó nílò rẹ̀. Omi inú ọ̀rá kan, èyí tó jẹ́ 50cl, tó fún nǹkan bíi wákàtí kan. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa mu ún. Kí wọ́n má dúró de òùngbẹ, torí àgbàlagbà kì í tètè mọ̀ ọ́n lára. Tí òógùn bá bò ẹ̀yin tí ara yín le, ẹ lè po omi lítà kan pọ̀ mọ́ ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà, kí ẹ sì fi iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré kan sí i, kí ṣíbí tẹ́jú. Ẹ má fún ìyá yín nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà wọn fọwọ́ sí i, nítorí iyọ̀. Ẹ tún bi dókítà náà léèrè nípa òògùn wọn, torí pé òmíràn ń mú èèyàn tọ̀ púpọ̀, omi ara á sì tètè dín kù. Kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn o.

Aṣọ òwú tó fẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀, bàtà tó bo ọmọ ìka, kí wọ́n má wé gèlè líle. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, kí wọ́n jókòó ní ṣọ́ọ̀bù tó ní fáànù. Tí orí bá ń fọ́ wọn, tí òyì bá ń kọ́ wọn, ọjà parí lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò bá já gaara mọ́, tí ara sì gbóná janjan, ẹ da omi sí wọn lára, pàápàá ọrùn àti abíyá, ẹ máa fẹ́ wọn, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 tàbí 112. General Hospital tó wà ní Ọ̀dàn kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ má fi omi sẹ́nu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀.

Ìbéèrè: Télọ̀ ní léèsì ọ̀pá márùn-ún tí mo rà kò pé, àǹkárá aṣọ ẹbí wa sì ṣí nígbà tí a kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Kí la lè ṣe? (Òǹkàwé kan, Adó-Èkìtì)

Ìdáhùn: Ẹ mú téèpù télọ̀ dání. Ọ̀pá kan jẹ́ 91.4cm, nítorí náà ọ̀pá 5 gbọ́dọ̀ tó 457cm, ọ̀pá 6 àǹkárá sì gbọ́dọ̀ tó 548cm. Ẹ má ka ìṣẹ́po nìkan, torí ìṣẹ́po kan lè má pé ọ̀pá kan, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣòfò. Ẹ wọn ìṣẹ́po kan, kí ẹ wá fi iye ìṣẹ́po sọ ọ́ di púpọ̀. Kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ ṣe é, ọlọ́jà tó mọṣẹ́ kò ní bínú.

Ní ti àwọ̀, ẹ fi áńkáṣífù funfun tó tutù ra igun aṣọ náà dáadáa. Tí àwọ̀ bá jáde sí i, á ṣí. Àǹkárá gidi, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ bákan náà. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òwú ni, ẹ gba fọ́nrán kan, kí ẹ gbé e jìnnà sí ọjà, kí ẹ fi iná kàn án: òwú á rùn bíi bébà tó ń jó, á sì di eérú. Èyí tó jẹ́ ti ọ̀rá á yọ́, á di kókó líle. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan iná nínú ṣọ́ọ̀bù láé.

Ẹ gbé aṣọ síta wò nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, torí gílóòbù ń yí àwọ̀ padà. Fún aṣọ ẹbí, ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti inú ẹrù kan náà, kí ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta lé ogún kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá padà wá ra ti ẹbí tó kù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀, á sì hàn nínú fọ́tò.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe ń bá alábàárù ṣe, tí èrò ò fi ní ya wá lọ́tọ̀? (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ dúnàádúrà kí ẹrù tó gorí. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ gan-an, ẹ ka ẹrù níṣojú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ máa rìn, kì í ṣe iwájú. Ẹ má fi fóònù àti owó sínú ẹrù tí ẹ gbé lé e lórí. Tí ẹ bá pọ̀, ẹ fi ẹnu kò sí ibi tí ẹ ó ti pàdé, bíi iwájú Mọ́ṣáláṣí Gbogboògbò ní Nnamdi Azikiwe Street tàbí Tinubu Square. Ẹ má retí pé ẹ ó pe ara yín, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ́ra níbi tí èrò bá pọ̀ sí. Ìdí kan náà ló fi yẹ kí ẹ mú owó díẹ̀ dání. Tí ẹ bá wá fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, ẹ fi orúkọ tó jáde wé ti ọlọ́jà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má sì kúrò níwájú rẹ̀ títí alẹ́ẹ̀tì á fi wọlé.