Wọ́n fún ọmọ mi ní Town Planning dípò Architecture: ṣé kó gbà á?

Ìbéèrè: Architecture ni ọmọ mi ọkùnrin yàn nínú JAMB, Urban and Regional Planning, ìyẹn Town Planning, ni wọ́n fún un. Bàbá rẹ̀ ní kó má gbà á, pé iṣẹ́ àwọn tó ń fi ọ̀dà pupa kọ X sára ilé onílé ni. Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an, ṣé èèyàn sì lè fi jẹun?
Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, ẹ̀yin ìyá wa. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí X tí Bàbá sọ, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ wá.

Kí ọ̀rọ̀ tó di X, ẹnì kan ti ta àkúrọ̀ etí odò, ẹlòmíì ti rà á, ilé ti dé òrùlé, kò sì sẹ́ni tó béèrè ibi tí omi máa gbà. Iṣẹ́ wa ni pé ká béèrè kí wọ́n tó ta ilẹ̀ náà. Níbo ni ọ̀nà máa gbà? Níbo ni ọjà àti ilé ìwé máa wà? Báwo ni kànga ṣe máa jìnnà sí ṣáláńgá tó? Ẹni tó kọ́ Architecture ń ro bí ilé kan ṣe máa rí. Àwa ń ro bí igba ilé ṣe máa bá ara wọn gbé lórí ilẹ̀ kan náà.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta, wọ́n kó wa lọ sí àdúgbò kan lẹ́bàá odò Ògùnpa, n'Íbàdàn. Wọ́n ní ká ka ilé, ká ka ìdílé tó ń gbé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká kọ ibi tí wọ́n ti ń pọn omi àti ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Èmi ti fi rúlà fa ọ̀nà tuntun kan sórí máàpù, ó gún régé. Màmá ẹlẹ́kọ kan yọjú wo ìwé mi, ó dìde, ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó nawọ́ sókè, ó fi kan ògiri níbi tó ga ju orí mi lọ: "Ibí ni omi dé lọ́dún Ògùnpa." Omíyalé ọdún 1980 ló ń sọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà tí mo fà gbà kọjá. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pa á rẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọ Ìbàdàn, ó sì gba ẹ̀mí èèyàn tó lé ní 100. Ilé tí wọ́n kọ́ dí ojú odò àti pàǹtírí tó dí gọ́tà wà lára ohun tó dá kún un. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Studio là ń pe irú iṣẹ́ yẹn, òun ló sì ń gba oorun lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Yàtọ̀ sí i, wọ́n máa kọ́ nípa òfin ilẹ̀, ìṣirò, ètò ọrọ̀ ajé, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ọ̀nà, àti bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya máàpù. Ọdún márùn-ún ni ní yunifásítì FUTA l'Ákùúrẹ́ àti ní LAUTECH l'Ógbòmọ̀ṣọ́, SIWES, ìyẹn oṣù tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, wà nínú rẹ̀. Tó bá kan SIWES, ẹ bá a wá ibi tí wọ́n á ti máa mú un lọ sórí ilẹ̀. Fáìlì ni mo gbé kiri nígbà tèmi, mo sì kábàámọ̀ oṣù wọ̀nyẹn.

Lórí oúnjẹ, n kò ní tàn yín. Ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ń gba irú wa síṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe ọdọọdún. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣiṣẹ́ fúnra wa: à ń ṣe layout, ìyẹn àwòrán bí wọ́n ṣe máa pín ilẹ̀ sí plot àti ọ̀nà, fún ẹbí tó fẹ́ ta ilẹ̀, à ń kọ ìròyìn (report) nípa ilẹ̀ àti àyíká rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo tàbí ilé ìwòsàn kí ìjọba tó buwọ́ lù ú. L'Ékòó, planner tó ti forúkọ sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Dìgírì nìkan kò tó o. TOPREC, àjọ tí òfin ọdún 1988 dá sílẹ̀, ló ń fi orúkọ wa sínú ìwé. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó acceptance, ẹ béèrè bóyá NUC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó yunifásítì, àti TOPREC méjèèjì fọwọ́ sí ẹ̀ka náà ní yunifásítì tó mú un.

Ẹ má gbà á pẹ̀lú èrò pé ó máa rọra yí padà sí Architecture lẹ́yìn ọdún kìíní. Àwọn kan rí i ṣe, àwọn tó pọ̀ jù kò rí i. Bó bá jẹ́ ilé yíyà ló ń lá lálàá ṣáá, ẹ jẹ́ kó tún JAMB ṣe.

Bí kò bá sì dá a lójú, ní Sátidé yìí, ẹ fún un ní ìwé àti pẹ́ńsù, kó rìn yí àdúgbò yín ká. Kó ya ibi tí àgbàrá ń gbà, ibi tí àwọn ọmọdé ti ń sọdá títì, ibi tí ilẹ̀kùn ilé kan ti dojú kọ ààtàn. Bó bá dé, kí òun àti Bàbá rẹ̀ jọ wo ìwé náà kí wọ́n tó pinnu.